Danfo tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo CNG: ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ṣòro láti rí ọlọ́kọ̀ èrò tí kò tíì jókòó ṣírò ohun tí gáàsì CNG (gáàsì àdánidá tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà) lè dín kù nínú ìnáwó rẹ̀. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, lítà bẹntiróòlù kan ti dé ₦1,000 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé epo, nígbà tí wọ́n ń ta kúbíìkì mítà gáàsì kan ní ₦230 ní àwọn ibùdó tó wà nínú ètò ìjọba. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé àwọn èèyàn ń sáré so gáàsì mọ́ ọkọ̀ tí kò tíì ṣetán fún un. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ á fi dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo gáréèjì á sì máa sọ pé gáàsì ló ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gáàsì. Àìsàn tó ti wà lára ẹ́ńjìnì náà tipẹ́ ni bẹntiróòlù ń bò mọ́lẹ̀, gáàsì kò bá a bò ó ni.

Ní orílẹ̀-èdè Philippines, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti 2017 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí jeepney àtijọ́ (ọkọ̀ akérò wọn, bíi danfo tiwa) kúrò lójú títì kí tuntun sì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n owó jeepney tuntun kan lè kọjá mílíọ̀nù méjì peso, ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀ léraléra. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ náà là ń tún ṣe. Mo fara mọ́ tiwa, torí agbára ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ká a. Àmọ́ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tuntun ì bá ti ṣe, tí wọn ì bá ti dán wò kó tó dé ọwọ́ wa, ti di iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ọlọ́kọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn mẹ́rìnlá máa jókòó sórí rẹ̀.

Irú ọkọ̀ tó ṣeé so

Ọkọ̀ tó rọrùn jù ni èyí tó ń lo bẹntiróòlù, tó ní íńjẹ́tọ̀ (tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) àti bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì). Toyota HiAce alábẹntiróòlù, Volkswagen T4 alábẹntiróòlù àti ọ̀pọ̀ kòròpé Suzuki Every wà nínú irú èyí. Ohun èlò tí wọ́n ń pè ní sequential ló yẹ wọ́n: ó ń fún pìsítìn kọ̀ọ̀kan ní gáàsì tirẹ̀ lásìkò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí íńjẹ́tọ̀ epo ṣe ń ṣe.

Volkswagen LT àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ kò lè lo irú yẹn. Mixer ni tirẹ̀, ìyẹn òrùka kan tí wọ́n ń fi sẹ́nu kábúrétọ̀ tí atẹ́gùn tó ń kọjá lọ fi ń fa gáàsì wọlé. Mixer kò wọ́n, ó sì rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà atẹ́gùn ni gáàsì máa ń kún nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí pulọ́ọ̀gì kan bá tanná lásìkò tí kò yẹ, iná náà lè padà sẹ́yìn kó sì fọ́ ilé fílítà atẹ́gùn sí wẹ́wẹ́. Ẹ tún ní láti fi fáàfù oníná sí ọ̀nà bẹntiróòlù kí epo dẹ́kun wíwọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ jó tán kí gáàsì tó wọlé. Bí méjèèjì bá pàdé, ọkọ̀ á máa ta gìrì, dírẹ́bà á sì rò pé kíláàṣì (clutch) ló ń ṣe é.

Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ pátápátá. Kò ní pulọ́ọ̀gì tó máa tan gáàsì, nítorí náà àfi kí ó máa jó dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ pọ̀ mọ́ gáàsì, tàbí kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kí wọ́n yí i padà. Owó rẹ̀ kì í sábà tọ́ sí danfo. Volkswagen ayé àtijọ́ tí kò ní rédíétọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnì ni rẹ̀dúsà gáàsì (ẹ̀rọ tó ń dín ìfúnpọ̀ gáàsì kù) fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni kọmpurẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí pìsítìn ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ẹ tú gbogbo pulọ́ọ̀gì jáde, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì àti ti íńjẹ́tọ̀ kí iná àti epo má baà wọlé, kí bátìrì lágbára, kí ẹnì kan sì tẹ àkìsílétọ̀ dé ilẹ̀. Ẹ de géèjì mọ́ ojú pulọ́ọ̀gì kan, kí sítáátà máa yí i títí ọwọ́ géèjì kò fi gòkè mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ojú pulọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tó lera sábà máa ń dé 150 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èyíkéyìí bá wà nísàlẹ̀ 120, tàbí tí èyí tó kéré jù bá fi ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tó ga jù, owó gáàsì ṣì gbọ́dọ̀ wà lápò. Ẹ da ṣíbí tíì kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí ojú tó kéré yẹn, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni kò pa dé mọ́, tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) ti jó.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé afẹ́fẹ́ ni gáàsì, ó ń gba àyè lọ́wọ́ atẹ́gùn tó yẹ kó wọ ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tí wọ́n so dáadáa pàápàá máa ń pàdánù agbára tó tó ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńjìnì tó lera ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ti ń rákò gun afárá pẹ̀lú bẹntiróòlù kò ní gùn ún pẹ̀lú gáàsì, dírẹ́bà á wá máa yí i padà sí bẹntiróòlù ní gbogbo òkè, èrè tí ẹ ń wá á sì bá a lọ.

Ìkejì ni iná. Gáàsì le láti tàn ju bẹntiróòlù lọ; iná tí pulọ́ọ̀gì nílò láti fò kọjá pọ̀ sí i. Pulọ́ọ̀gì tó ti gbó, wáyà tó ti sán àti kọ́ìlì tí kò lágbára mọ́ lè gbé ẹ́ńjìnì lórí bẹntiróòlù láìsí ẹni tó fura, ṣùgbọ́n tí gáàsì bá wọlé báyìí, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í fo iná. Ẹ fi pulọ́ọ̀gì tuntun sí i, kí ẹ sì dín àlàfo ẹnu rẹ̀ kù sí 0.7 tàbí 0.8 milimítà, kódà tí ìwé ọkọ̀ bá sọ 1.0 tàbí 1.1 fún bẹntiróòlù. Ní ti wáyà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ níbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ìgò tó ń fọ́n omi bíi ìrì fọ́n díẹ̀ sára wáyà náà láìfọwọ́ kàn án. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń jó kiri lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìkẹta ni omi, ibí yìí sì ni ọkọ̀ wa ti ń jìyà jù. Nígbà tí gáàsì bá ń ti inú ìfúnpọ̀ 200 bar bọ́ sí nǹkan bíi 2 bar nínú rẹ̀dúsà, ó ń tutù gan-an. Bí omi gbígbóná láti ẹ́ńjìnì kò bá kọjá lára rẹ̀dúsà, yóò dì bíi yìnyín, rọ́bà inú rẹ̀ á le, gáàsì á dúró tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ségesège. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń yọ táámósítààtì (fáàfù tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná) dànù pé ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ọkọ̀ nílò rẹ̀. Lórí ọkọ̀ gáàsì, ẹ dá a padà. Láìsí i, ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó gbóná, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí omi bá dé nǹkan bíi 40°C ni bréènì gáàsì máa ń gbà kí ọkọ̀ yí kúrò lórí bẹntiróòlù. Gbogbo òwúrọ̀ lẹ ó máa jó epo tí kò yẹ kí ẹ jó. Ohun mìíràn ni omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀. Ìpẹtà rẹ̀ kì í pẹ́ dí ọ̀nà tóóró tó wà nínú rẹ̀dúsà. Ẹ fọ rédíétọ̀, kí ẹ sì da kúláǹtì gidi sí i kí ẹ tó so ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, fún ọkọ̀ tó ní íńjẹ́tọ̀, ẹ so skáánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú bréènì ọkọ̀) mọ́ ọn lórí bẹntiróòlù. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní long term fuel trim, tó ń fi ìdá epo tí bréènì ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò nínú ọgọ́rùn-ún hàn, yẹ kó wà láàárín −5 sí +5. Bí ó bá dé +15, atẹ́gùn ń wọlé níbì kan tàbí pọ́ǹpù epo ti rẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Orí nọ́ńbà bẹntiróòlù ni wọ́n máa gbé ètò gáàsì kà; tí ìpìlẹ̀ yẹn bá wọ́, gbogbo ohun tó kù á wọ́.

Sìlíńdà

Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀dínwó nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni sìlíńdà. Ní oṣù kẹwàá 2024, sìlíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù ní ibùdó gáàsì kan ní Benin City níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ti ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé sìlíńdà tí wọ́n jó pọ̀ láìbófin mu ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún CNG.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Gáàsì ìdáná inú sìlíńdà ilé kì í sábà kọjá 10 bar ní ooru tiwa. CNG jẹ́ 200 bar. Irin tí wọ́n ṣe fún ti àkọ́kọ́ kò lè gba ìkejì láé, ajórin kò sì sí tó lè jó o kó di èyí tó lè gbà á. Sìlíńdà CNG onírin kò ní ojú ìjó kankan lára. Odindi ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí ìlà ìjó níbikíbi lára rẹ̀, ẹ dá a padà.

Lára sìlíńdà tó dára, ẹ ó rí àwọn nǹkan wọ̀nyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn gbọin-gbọin: ọ̀rọ̀ CNG, ìlànà tí wọ́n fi ṣe é (ISO 11439 tàbí ECE R110), ìfúnpọ̀ iṣẹ́ 200 bar, nọ́ńbà tirẹ̀, iye lítà omi tó ń gbà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá. Ogún ọdún ni ọjọ́ orí tó pọ̀ jù tí ISO 11439 fàyè gbà. Tòkunbọ̀ sìlíńdà wà lọ́jà dáadáa. Tí wọ́n bá ti yọ́ àmì rẹ̀ kúrò tàbí tí wọ́n tún un kùn débi pé ẹ kò lè kà á, ẹ má bá wọn ná an rárá.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ká ní danfo kan ń jó 40 lítà bẹntiróòlù lójúmọ́. Kúbíìkì mítà gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù kan ó lé díẹ̀, bíi 1.1. Ìyẹn túmọ̀ sí gáàsì 37 kúbíìkì mítà. Ní ₦230 ti ìparí 2024, ₦8,510 nìyẹn. Ẹ fi bẹntiróòlù lítà mẹ́ta kún un fún ìtanná òwúrọ̀ àti ìdúró, ₦3,000, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦11,510 dípò ₦40,000. Iye owó ń yí padà, ẹ fi ti agbègbè yín lónìí rọ́pò rẹ̀ kí ẹ sì tún un ṣírò. Sìlíńdà 60 lítà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ rà kì í gbà ju kúbíìkì mítà 14 sí 15 lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni danfo yẹn á tò sórí ìlà gáàsì, àkókò tó fi dúró síbẹ̀ sì jẹ́ èrò tí ẹlòmíì ti gbé lọ. Méjì oní 80 lítà á gbà tó 38, ó á sì ká ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe fúyẹ́. Sìlíńdà onírin máa ń wọn bíi kílò kan fún lítà kan. Méjì oní 80 lítà, pẹ̀lú gáàsì inú wọn, á sún mọ́ kílò 190, ìyẹn ju èrò méjì lọ dáadáa, tí wọn kò ní bọ́ sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù kankan. Ẹ wo sípíríǹgì ẹ̀yìn, táyà àti bíréèkì kí ẹ tó gbé e sórí rẹ̀. Èmi á kúkú yọ ìjókòó méjì tó wà lẹ́yìn ju kí n so sìlíńdà méjì kí n tún kó èrò bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Abẹ́ ọkọ̀, láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, ni mo yàn láàyò, bí àyè bá wà, kí ó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ ó kéré tán, kí àwo irin bò ó lábẹ́ nítorí kòtò àti omi. Tí kò bá sí àyè àfi inú ọkọ̀, ẹnu sìlíńdà àti gbogbo ìsopọ̀ tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí kò jò, tí họ́ọ̀sì rẹ̀ ń tú síta ọkọ̀. CNG fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ, ó ń gòkè ni. Bí ó bá jò nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, abẹ́ òrùlé, lẹ́bàá orí àwọn èrò, ló máa kóra jọ sí.

Ìdè rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí dáadáa. ECE R110 ní kí ìdè sìlíńdà lórí bọ́ọ̀sì kékeré lè dúró de agbára tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ síwájú nígbà tó bá kún. Fún oní 80 lítà, èyí sún mọ́ 940 kílò, bí ìwọ̀n mọ́tò kékeré kan. Páànù ilẹ̀ danfo tí ìpẹtà ti jẹ kò lè gbé e. Ara irin ṣaasí ni kí bóòtù wọ̀. Ẹ fi rọ́bà sáàárín ìdè irin àti sìlíńdà, nítorí irin tó bá ń ha irin á ṣí ọ̀dà rẹ̀, omi á wọ ibẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó.

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ni kì í sábà sọ, tó sì kan danfo ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Ọwọ́ ajórin kì í kúrò lára danfo: ìlẹ̀kùn lónìí, ilẹ̀ lọ́la, sàlẹ́ńsà lọ́tùnla. Ìta iná ìjó kan ṣoṣo tó bá kan sìlíńdà ti ba irin ibẹ̀ jẹ́, kódà tí ojú kò bá rí ju àmì kékeré lọ. Kí ajórin tó dé ibi tó sún mọ́ ọn, ẹ tú sìlíńdà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì yọ wáyà bátìrì. Sìlíńdà tí iná ìjó bá ti kàn kò gbọ́dọ̀ gba gáàsì mọ́ láìjẹ́ pé àwọn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti rí i.

Ẹ̀rọ orí sìlíńdà gbọ́dọ̀ ní fáàfù ọwọ́, fáàfù oníná tó ń pa dé nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀, èyí tó ń dá gáàsì dúró bí páìpù bá já lójijì, àti irin tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 110°C láti tú gáàsì síta tí ọkọ̀ bá gbiná kí sìlíńdà má baà bú. Ẹnu ìtújáde yẹn kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Páìpù, rẹ̀dúsà àti lílu ihò

Páìpù ìfúnpọ̀ gíga jẹ́ irin tí kò ní ojú ìjó, oní 6 milimítà. Ẹ de é mọ́ra ní gbogbo 60 sẹ̀ǹtímítà tàbí kí ó sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà tó 10 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kí ẹ sì fi páànù dá ooru dúró níbi tí àyè kò bá tó. Nítòsí sìlíńdà àti nítòsí rẹ̀dúsà, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan bí òrùka kí ìgbọ̀n ọkọ̀ lè rí ibi parẹ́ sí. Páìpù tí wọ́n nà gbọọrọ láti ìdí dé ìdí, lẹ́nu nọ́ọ̀tì ló ti máa ń sán. Ẹ má fi téèpù funfun sí ojú nọ́ọ̀tì tó ń fi òrùka fún páìpù mọ́ra. Òrùka náà ló ń dí i, téèpù ń jẹ́ kó yọ̀ ni.

Rẹ̀dúsà yẹ kó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi rédíétọ̀ ga jù sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á há sínú rẹ̀. Ara ọkọ̀ ni kí ẹ dè é mọ́, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n.

Ní ti sequential, ẹ ní láti lu ihò kan sí apá ọ̀nà atẹ́gùn pìsítìn kọ̀ọ̀kan, kí ó sún mọ́ tọ́ọ̀pù bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí gbogbo wọn sì jìnnà sí i bákan náà. Ẹ tú ọ̀nà atẹ́gùn náà sílẹ̀ kí ẹ tó lu ú. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò, pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà lówó lórí, ṣùgbọ́n èérún irin aluminíọ̀mù tó bá já bọ́ sínú nígbà tí ẹ ń lu ú lórí ọkọ̀, ojú pìsítìn ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n so gáàsì mọ́ ọn, èérún yìí ló ha á lára. Họ́ọ̀sì láti íńjẹ́tọ̀ gáàsì sí ihò kò gbọ́dọ̀ ju 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí gbogbo wọn sì gùn bákan náà. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, pìsítìn rẹ̀ á máa gba gáàsì pẹ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró.

Gáàsì ń jó pẹ́ ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà iná pulọ́ọ̀gì yẹ kó tètè tàn sí i, nǹkan bíi díígírì 6 sí 12. Lórí ọkọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń tún táímìn ṣe nígbà tí gáàsì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan. Lórí ọkọ̀ kábúrétọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ yí dísítíríbútọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibi tí bẹntiróòlù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ́ńjìnì, torí bẹntiróòlù náà ni yóò máa fi tanná láràárọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹrù

Àwọn kan máa ń ṣètò gáàsì ní gáréèjì tí ọkọ̀ wà lófìfo, tí ẹ́ńjìnì ń dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á sì ní iṣẹ́ ti parí. Èyí kò tó fún ọkọ̀ akérò. Ẹ gbé e jáde pẹ̀lú ìwọ̀n tó dọ́gba pẹ̀lú èrò tó máa ń gbé (àpò iyanrìn ṣe é lò), ẹ kọ́kọ́ wà á lórí bẹntiróòlù gba ọ̀nà tó tẹ́jú, òkè àti gò-sílóò, kí kọ̀ǹpútà kọ ìgbà tí íńjẹ́tọ̀ ń fi ṣí. Kí ẹ padà gba ọ̀nà kan náà lórí gáàsì, kí ẹ sì tún un ṣe títí nọ́ńbà méjèèjì fi dọ́gba. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣètò lófìfo máa ń rí gáàsì díẹ̀ jù nígbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú èrò. Iná inú rẹ̀ á gbóná jù, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ló sì máa ń kọ́kọ́ jó.

Kí ọkọ̀ tó jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kọ́kọ́ fi gáàsì díẹ̀ sí i, bíi 20 bar, kí ẹ fi omi ọṣẹ àti ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì wo gbogbo ojú nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó fi í dé 200, kí ẹ sì tún un wò. Bí ó bá ń hó níbì kan, ẹ pa fáàfù, ẹ tú gáàsì inú páìpù náà síta gbangba, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì mọ́ra. Ẹ má fún nọ́ọ̀tì tí 200 bar wà lẹ́yìn rẹ̀ láé.

Lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, ó gbọ́dọ̀ padà wá: bóòtù ìdè, ojú nọ́ọ̀tì, họ́ọ̀sì omi, nọ́ńbà skáánà. Lẹ́yìn èyí, fáàfù ẹ́ńjìnì ni ká máa ṣọ́. Gáàsì gbẹ, kò ní ohun tó ń rọ ìjókòó fáàfù lójú, nítorí náà fáàfù máa ń jẹ wọ inú tọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀. Bí ó ṣe ń wọlé ni àlàfo rẹ̀ ń dín kù, títí kò fi ní pa dé mọ́. Ariwo kì í sí. Àlàfo tó dín kù kì í pariwo bíi èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wọn ọ́n ní gbogbo 10,000 kìlómítà lórí ẹ́ńjìnì tí à ń fọwọ́ ṣètò àlàfo fáàfù rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, torí bí ó ṣe ń yára dín kù ló máa sọ fún yín bóyá ètò gáàsì náà tọ̀nà.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò tí ẹ ti ń pààrọ̀ rẹ̀ bọ̀; àwọ̀ rẹ̀ kò sọ pé agbára rẹ̀ ṣì wà. Fílítà gáàsì máa ń kó ọ́ìlì tó bá gáàsì wá láti inú ẹ̀rọ ibùdó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó dí. Lórí mixer, fílítà atẹ́gùn tó dọ̀tí ń mú kí gáàsì pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kí ẹ ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sìlíńdà fúnra rẹ̀, ECE R110 ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo oṣù 48 ó pẹ́ tán.

Ẹ má jẹ́ kí táǹkì bẹntiróòlù gbẹ. Lórí ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú táǹkì, bẹntiróòlù náà ló ń tu pọ́ǹpù lára. Dírẹ́bà tó bá ń rìn lórí gáàsì pẹ̀lú táǹkì òfìfo á jó pọ́ǹpù, ọkọ̀ kò sì ní tanná lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì ni kí ó kéré jù.

Ní ibùdó, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì. Sìlíńdà máa ń gbóná bí gáàsì ṣe ń wọ̀ ọ́, gáàsì gbígbóná sì ń gba àyè púpọ̀: géèjì lè fi 200 hàn, kí ó sì jẹ́ pé bí ó bá tutù á sọ̀ kalẹ̀ sí 180 tàbí kéré jù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, ó kéré tán kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Sìlíńdà tí wọ́n rọ gáàsì sí ní kùtùkùtù tàbí lálẹ́, tí wọ́n rọra rọ ọ́, á gbà ju ti ọ̀sán gangan lọ.

Bí òórùn gáàsì bá gba inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà, kí dírẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó má tan iná inú ọkọ̀ tàbí fọwọ́ kan súíìṣì mìíràn, kí kọ́ndọ̀ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì lọ fi ọwọ́ pa fáàfù sìlíńdà dé. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lé dírẹ́bà tàbí kọ́ndọ̀ tuntun lọ́wọ́, kí wọ́n fi fáàfù náà hàn án, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á dé kó tún ṣí i, kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì.